Ológbò tó farapa lẹ́yìn ilé: kí o tó fọwọ́ kàn án

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o. Ọmọ ọdún 15 ni mí, ojú ọ̀nà Ìjọ̀kà ni à ń gbé ní Àkúrẹ́. Ológbò kan wà tí kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n ó máa ń wá jókòó lẹ́yìn ilé ìdáná wa, mo sì máa ń ju orí ẹja sí i. Láti ìjẹta ni kò ti fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan tẹlẹ̀ mọ́. Egbò wà ní itan rẹ̀, ó ń rùn, eṣinṣin sì ń bà lé e. Ó ti wọ abẹ́ mọ́tò bàbá onílé tó ti bàjẹ́, bí mo bá sún mọ́ ọn, á máa kùn mọ́ mi. Aládùúgbò wa kan ní kí n lọ parasitamọ́ọ̀ sínú mílíìkì fún un. Màmá mi ní kí n má fọwọ́ kàn án rárá, pé ológbò kì í ṣe ẹran tí èèyàn ń bá ṣeré. ₦3,000 péré ni mo ní. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, da parasitamọ́ọ̀ yẹn nù ná. Egbò itan lè fún ológbò náà ní ọjọ́ mélòó kan sí i. Parasitamọ́ọ̀ lè pa á kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ẹ̀dọ̀ èèyàn ní ohun tó fi ń yí oògùn yìí padà kí ara lè gbé e jáde, ti ológbò kò sì ní i tó. Oògùn náà á wá di májèlé sí i lára, á ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ débi pé ẹ̀jẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ kiri mọ́. Èrìgì rẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi tíì tó dúdú, ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, èémí á sì máa há a. Hóró kan tó jẹ́ 500mg tó láti pa ológbò tó ti dàgbà, ìdajì hóró náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dán wò. Ológbò ìgboro wa kì í sábà wọ̀n ju kílò mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, oògùn tí wọ́n sì ṣe fún èèyàn tó wọn 60 ni aládùúgbò yín fẹ́ kí o fún un.

Kí o má sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ibuprofen àti diclofenac máa ń dá egbò sínú ikùn ológbò, wọ́n sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Alábùkún náà kò dára fún un, nítorí aspirin àti kaféènì ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fún un ní parasitamọ́ọ̀ kí o tó ka èyí, má dúró wo bóyá nǹkan máa ṣe é. Mú páálí oògùn náà dání, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀. Oògùn kan wà tó ń ṣẹ́ májèlé rẹ̀, acetylcysteine ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ló wúlò jù.

Mílíìkì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ológbò tó ti dàgbà ni ikùn wọn kò gba mílíìkì màlúù. Á máa yàgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ á sì gbẹ sí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí dókítà bá máa kùn ún lóorun láti tọ́jú egbò náà, ó sàn kí ikùn rẹ̀ ṣófo, kó má bàa bì í sínú ẹ̀dọ̀fóró. Omi lásán nínú abọ́ kékeré ni kí o gbé sítòsí rẹ̀. Má dà á sí i lẹ́nu.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ màmá rẹ. Ìmọ̀ràn rẹ̀ tọ̀nà, ohun yòówù kó wà lọ́kàn rẹ̀ tó fi sọ ọ́. Dìgbòlugi wà ní ilẹ̀ wa. Ajá ló ń kó o ràn èèyàn jù, ṣùgbọ́n ológbò náà ń ní in, ìgbà tí àìsàn yìí bá sì ti fara hàn lára èèyàn, kò sí oògùn tó ń wò ó mọ́. Ológbò tó ń jẹ̀rora á gé ẹni tó ń bọ́ ọ lójoojúmọ́ jẹ. Nítorí náà, má ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́yìn màmá rẹ. Lọ sọ fún un pé o kò fẹ́ fọwọ́ kàn án, pé ẹni tó máa bá ọ pe dókítà ẹran lò ń wá. Ó rọrùn fún òbí láti gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ju pé kó bá ọ lábẹ́ mọ́tò lọ. Kí àgbàlagbà kan wà níbẹ̀, kí òun sì ni ọwọ́ rẹ̀ máa kan ológbò náà, bí ó bá di pé ọwọ́ gbọ́dọ̀ kàn án.

Ohun tí ìwọ lè dá ṣe báyìí ni kí o wò ó láti òkèèrè. Dúró bí ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí i, fi fóònù ká a sílẹ̀ ní fídíò, kí o sì ka èémí rẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ìhà rẹ̀ bá gbé sókè tó sì sọ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí o wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ológbò tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ máa ń mí ní ìgbà ogún sí ọgbọ̀n ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ti kọjá 40, tàbí tó ń la ẹnu mí bí ajá, má dúró dìrọ̀lẹ́. Ajá ń la ẹnu mí nítorí ooru, ológbò kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ àfi tí afẹ́fẹ́ kò bá tó o. Èyí tí mọ́tò gbá lè dìde kó sá lọ bíi pé nǹkan kan kò ṣe é, kó tó di wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà kí èémí tó bẹ̀rẹ̀ sí í há a, nítorí awọ tó ya ikùn sọ́tọ̀ kúrò lára àyà ti fàya.

Wo ìrù rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìrù bá rọ gọ̀dọ̀gọ̀dọ̀ tí kò lè gbé e, ó ṣeé ṣe kí okùn iṣan ìdí rẹ̀ ti fà, irú ológbò bẹ́ẹ̀ kì í sì lè tọ̀ mọ́. Èyí tí kò bá tọ̀ fún odidi ọjọ́ kan wà nínú ewu. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì bá ń wọ́ nílẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí egungun ìbàdí ni kí ẹ máa rò. Kí ẹ rọra fà á gun pátákó pẹlẹbẹ, kí ẹ má gbé e ní ìdúró. Èékánná tó ya tàbí tó há sábà máa ń jẹ́ àmì pé ọ̀dà ló wọ́ ọ, ìyẹn ni pé mọ́tò tàbí ọ̀kadà gbá a.

Ṣùgbọ́n òórùn tí o sọ yẹn mú mi ro nǹkan mìíràn. Egbò tuntun kì í rùn. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí kò tẹlẹ̀, pẹ̀lú egbò itan tó ń rùn lọ́jọ́ kẹta, jọ eéwo ìjà ológbò ju ìjàǹbá mọ́tò lọ. Eyín ológbò tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ihò tó dá sílẹ̀ kéré, awọ á tètè padé lé e lórí, kòkòrò ẹnu ológbò kejì á sì há sínú. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, ọyún á kó jọ, ibẹ̀ á wú, á gbóná, á wá bẹ́. Ìrora eéwo nìkan tó láti mú kí ológbò gbé ẹsẹ̀ sókè láìsí pé egungun kankan ṣẹ́. Bó bá jẹ́ ìyẹn ni, ìròyìn ayọ̀ ló jẹ́. Dókítà á là á, á fọ̀ ọ́, á gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń jinná láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ má fún un o. Bí ẹ bá fún eéwo, apá kan ọyún náà á wọ inú ẹran lọ.

Ohun kejì tó lè jẹ́ ni waya. Lẹ́yìn àwọn ilé tó wà létí ìlú, oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni, àwọn tó ń dẹ òkété sì máa ń fi waya ṣe okùn síbẹ̀. Bí ẹ bá rí waya tó ti rì sínú ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ gé ìyókù tó ń wọ́ nílẹ̀ kúrò, kí ẹ fi èyí tó yí ẹsẹ̀ ká sílẹ̀ fún dókítà. Bí ẹ bá fà á, ẹran á tẹ̀lé e.

Eṣinṣin ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí o kọ. Ẹyin eṣinṣin funfun, ó máa ń ṣù jọ sára irun bíi gàrí funfun tí omi kàn. Láàárín ọjọ́ kan, ó ti di ìdin, ìdin náà á sì máa jẹ wọ inú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ológbò ti ń kú nìyí, ìdin kọ́ ló pa wọ́n, ohun tí àwọn èèyàn dà sí ìdin náà ni. Kẹrosín, pẹtiróòlù, Izal, Dettol, Sniper, kánfọ̀, Robb, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì: má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ̀kankan nínú wọn sí i. Ológbò á lá ohunkóhun tó bá wà lára rẹ̀ títí á fi tán, nítorí náà ohun tí o bá fi pa á lára, o ti fún un mu nìyẹn. Èròjà tó wà nínú Dettol àti Izal wà lára ohun tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè yanjú, gẹ́gẹ́ bíi ti parasitamọ́ọ̀. Sniper tiẹ̀ ń gba awọ wọlé láìlá. Itọ́ á máa ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ẹyinjú dúdú á kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bí ẹnì kan bá sì wá ní kí ẹ rọ epo pupa sí i lẹ́nu kó fi ṣẹ́ májèlé, ẹ kọ̀ ọ́. Epo tí a fipá rọ sábà máa ń gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Omi iyọ̀ tó. Sè omi piọ́ wọ́tà ọ̀rá kan, 50cl ni, da iyọ̀ síbí tíì kan tí kò kún dẹ́nu sí i, jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ fi sìríńjì 20ml tí kò ní abẹ́rẹ́ lórí fa á, kí ẹ máa tú u sójú egbò láti ẹ̀gbẹ́. Òwú kò dára, fọ́nrán rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ egbò. Ẹ fi ìyarun eyín wẹ́wẹ́ ya ẹyin eṣinṣin kúrò, kí ẹ fi ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń tu irun ojú yọ ìdin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ológbò tó bá gbà kí wọ́n ṣe é nìkan ni ẹ lè ṣe èyí fún, kí àgbàlagbà sì dì í mú nínú aṣọ. Tirẹ ń kùn. Kí ẹ fi fífọ̀ sílẹ̀ fún dókítà, ẹ ṣáà jẹ́ kó débẹ̀ lónìí.

Bí a ṣe máa mú un ló kù. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ máa ń ní. Bí ẹ bá lé e tó sá, ẹ lè má rí i mọ́, á lọ há sí kòtò ibì kan. Nítorí náà ariwo kò sí, ọmọdé mìíràn kò sí, kí wọ́n so ajá. Páálí ńlá tí wọ́n fi ń kó ìńdómì dára. Àgò adìyẹ náà dára bí ẹ bá ní in, bí ẹ bá ti fi aṣọ bò ó. Fi bírò lu ihò bí ogún sára páálí náà kí ó tó di pé ológbò wà nínú rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn náà. Tẹ́ ìwé ìròyìn àti aṣọ àlòkù sísàlẹ̀. Ẹ fi pátákó dí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta mọ́tò náà, kí ẹ da páálí dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kẹrin kí ẹnu rẹ̀ kọjú sábẹ́ mọ́tò, kí aṣọ bò ó kí inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹja gbígbẹ tàbí sàdíìnì tí kò ju orí ìka kan lọ ni kí ẹ fi sí ìparí páálí. Díẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ba iṣẹ́ dókítà jẹ́, kí ẹ ṣáà sọ fún un. Lẹ́yìn náà ẹ kúrò níbẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Ibi tó ṣókùnkùn tó sì há ni ológbò tó ń bẹ̀rù ń wá. Púpọ̀ nínú wọn á fúnra wọn wọlé.

Bí kò bá wọlé, àgbàlagbà á fi aṣọ ìnura tó nípọn tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì bo gbogbo ara rẹ̀, orí pẹ̀lú, á fi ọwọ́ kan gba abẹ́ àyà, ọ̀kan abẹ́ ìdí, á sì gbé òun àti aṣọ sínú páálí. Kó má gbé e ní awọ ọrùn, ẹran tó farapa kì í ṣe ọmọ ológbò. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni, eyín rẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí itọ́ ń ṣàn, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tàbí tó ń sáré wá bá èèyàn jà láìjẹ́ pé ẹnì kan sún mọ́ ọn, ẹ má gbìyànjú rẹ̀ rárá. Ẹ jìnnà, ẹ pe dókítà ẹran, kí ẹ sì sọ fún un pé dìgbòlugi lẹ fura sí.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ máa gbé e lọ bá. Ẹ̀ka kan wà ní ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìlera ẹran, ẹ lè béèrè ní sẹ́kíteríàtì ìjọba ní Alágbàká ibi tí dókítà wọn ti ń gba ẹran wò. Ọ̀nà tó yá jù ni kí ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn àti oúnjẹ adìyẹ, kí ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà dókítà ẹran tó ń wo ajá àti ológbò. Nọ́ńbà lẹ lọ gbà o. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta ọjà gún un ní abẹ́rẹ́. Ẹni tó mọ òṣùwọ̀n oògùn adìyẹ àti ewúrẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ti ológbò. Ẹ béèrè bóyá dókítà náà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria, ìbéèrè tó bójú mu ni, kò sí dókítà gidi tó máa bínú sí i. Bó bá jẹ́ egungun ló ṣẹ́ tó sì nílò iṣẹ́ abẹ tó le, ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n sábà máa ń darí èèyàn sí láti apá ibí. Ẹ má kàn gbéra lọ sí Ìbàdàn láìjẹ́ pé dókítà ní Àkúrẹ́ ti kọ́kọ́ wò ó.

Lórí owó, sọ òtítọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Sọ pé ₦3,000 lo ní, kí o béèrè èló ni wíwò nìkan, èló ni kí wọ́n la egbò kí wọ́n sì gún abẹ́rẹ́, ṣé ẹ lè máa san án díẹ̀díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí tìẹ má tó. Nítorí náà wádìí ẹni tó ni ín. Ológbò tó ń rìn káàkiri kì í ṣe ológbò tí kò lólúwa. Àwọn tó ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí máa ń sìn ín nítorí eku. Fi fídíò rẹ han àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó wà ní àdúgbò. Ẹni tó ni ín lè san owó rẹ̀, òun náà ló sì mọ̀ bóyá wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rí.

Ẹ wọ takisí tàbí kẹ̀kẹ́ Màrúwá ní dírọ́ọ̀pù, ọ̀kadà ń mì jù fún egungun tó bá ṣẹ́. Páálí orí itan, kì í ṣe inú búùtù. Bí ara rẹ̀ bá tutù, rọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú ike, fi aṣọ wé e, kí o fi sí ẹ̀gbẹ́ kan páálí kó lè sún kúrò níbẹ̀ bó bá gbóná jù. Kọ ìgbà tí o kọ́kọ́ rí i pé ó ń tiro, ìgbà tó jẹun kẹ́yìn, bóyá o rí i tó tọ̀, àti iye èémí tí o kà, kí o fún dókítà. Ìwé kékeré yẹn wúlò fún un ju kí gbogbo yín máa sọ̀rọ̀ papọ̀ lọ.

Dókítà lè sọ pé ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ kúrò. Má jẹ́ kí ìyẹn mú ọ sọ ìrètí nù, ológbò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń rìn, ó ń gun ọgbà, ó sì ń pa eku. Egungun ìbàdí tó ṣẹ́ pàápàá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń jinná bí wọ́n bá sé e mọ́ ibi tóóró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ó sì lè sọ pé ohun tó dára jù ni kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú un sùn lọ, kó má jìyà mọ́. Béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Ó tọ́ sí ọ kí o gbọ́ ọ.

Bó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ tàbí tó ha á lára tí ẹ̀jẹ̀ yọ, ẹ fi ológbò sílẹ̀ ná. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí aago máa kà á. Kò sí ata, kò sí epo, kò sí àgbo lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àti ti ipá. Ọjọ́ tí ẹ dé ibẹ̀ ni wọ́n ń gún àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ọjọ́ kẹta, ìkeje, ìkẹrìnlá, àwọn mìíràn sì tún ń gún ti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, ẹ béèrè immunoglobulin pẹ̀lú, ìyẹn abẹ́rẹ́ kan tó ń bá dìgbòlugi jà lójú ẹsẹ̀, wọ́n máa ń fi sí ojú ibi tó gé jẹ. Kí wọ́n má pa ológbò náà. Bó bá wà láàyè tí ara rẹ̀ sì le títí ọjọ́ kẹwàá, kò ní dìgbòlugi lẹ́nu lọ́jọ́ tó gé èèyàn jẹ, dókítà sì lè dá abẹ́rẹ́ tó kù dúró. Bí ibi tó gé jẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tó pọ́n, láàárín ọjọ́ kan, ẹ padà lọ. Ẹnu ológbò kún fún kòkòrò, ọwọ́ sì ni ó ti ń burú jù.

Bí wọ́n bá dá a padà fún ọ láti tọ́jú, yàrá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, páálí, omi, àti abọ́ iyanrìn tó lè máa tọ̀ sí. Kí obìnrin tó lóyún nínú ilé yín má ṣe fọwọ́ kan iyanrìn yẹn. Ẹja sísè tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀, láìsí ata, iyọ̀ tàbí àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, nítorí náà ọbẹ̀ ilé kò sí fún un. Bó bá fi odidi ọjọ́ méjì kọ oúnjẹ, pe dókítà. Ológbò kì í lè gbààwẹ̀ bí ajá, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa ń bàjẹ́.

Ohun kan ṣì wà tí o ò sọ fún mi: akọ ni àbí abo? Bí àgbàlagbà tó mú un bá rí i pé abo ni, tí ọmú rẹ̀ kún, tí irun sì ti re kúrò yíká orí ọmú náà, ọmọ wà níbì kan. Kí ẹ tó gbé páálí kúrò nínú ọgbà, kí ẹnì kan fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ mọ́tò yẹn dáadáa, inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pàápàá, kí ẹ sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ máa fetí sílẹ̀.